Antonie van Leeuwenhoek, Aláṣọ tí ó Kọ́kọ́ Rí Àwọn Ará Inú Ẹnu

Ní ìlú Delft, ní ilẹ̀ Holland, ni a gbé bí ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, ní oṣù kẹwàá ọdún 1632. Agbọ̀n híhun ni iṣẹ́ baba rẹ̀. Àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ sì jẹ́ apọntí. Ilé wọn kò jìnnà sí ẹnubodè kan tí à ń pè ní Ẹnubodè Kìnnìún, láti ibẹ̀ ni orúkọ Leeuwenhoek sì ti jáde, nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn ni igun kìnnìún. Ọmọ ọdún márùn-ún péré ni Antonie nígbà tí baba rẹ̀ kú. Nígbà tí ó yá, ìyá rẹ̀ fẹ́ ọkọ mìíràn, wọ́n sì rán ọmọ náà lọ sí ilé-ìwé ní ìletò kan tí ń jẹ́ Warmond; lẹ́yìn èyí ni ó lọ gbé lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan. Ìwé díẹ̀ ni ó kà. Kò kọ́ èdè Látìn rárá, bẹ́ẹ̀ ni Látìn sì ni èdè tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù fi ń kọ̀wé sí ara wọn ní ayé ìgbà náà. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ, òpè ni wọ́n ń kà á sí.

Ní ọdún 1648, wọ́n mú un lọ sí ìlú Amsterdam láti ṣe ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣòwò aṣọ kan tí ó jẹ́ ará Scotland. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Ladi-Lak, tí ẹ sì ń kọjá níwájú àwọn ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú lójoojúmọ́, ẹ mọ bí ọmọ iṣẹ́ ti í rí: a gbálẹ̀ kí ọ̀gá tó dé, a di ẹrù, a tú ẹrù, a sì máa fi ojú kọ́ iṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn án. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti Antonie. Ó kọ́ bí a ti ń wọn aṣọ, bí a ti ń kọ ìwé owó, àti bí a ti ń yẹ òwú aṣọ wò. Àwọn aláṣọ ìgbà náà a máa ní awò kékeré kan tí wọn í fi ka fọ́nrán òwú, kí ẹnikẹ́ni má baà ta aṣọ jákujàku fún wọn. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé awò kékeré yìí ni ó kọ́kọ́ là á lójú.

Ó padà sí Delft ní ọdún 1654, ó ṣí ìsọ̀ aṣọ tirẹ̀, ó sì gbé Barbara de Mey níyàwó. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, ṣùgbọ́n mẹ́rin kú ní kékeré. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ń jẹ́ Maria ni ó kù. Ní ọdún 1666 Barbara pàápàá kú. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún Antonie fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ní gbogbo àkókò yìí kò ṣe aláìníṣẹ́. Láti ọdún 1660 ni àwọn aláṣẹ ìlú ti fi í ṣe olùtọ́jú ìyàrá ìpàdé wọn. Òun ni í ṣí ilẹ̀kùn, òun ni í tì í, òun ni í dá iná sí i nígbà òtútù. Nígbà tí ó ṣe, ó gba ìwé àṣẹ awọnlẹ̀, wọ́n sì tún fi í ṣe ẹni tí ń wọn àgbá ọtí tí ó bá wọ ìlú. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí tí ó lè mú kí a máa dárúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ohun tí ó mú orúkọ rẹ̀ yọ ni ohun tí ó ń ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Ó ń yọ́ dígí, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń dán an, títí yóò fi di ẹyọ kékeré bí ìlẹ̀kẹ̀. Yóò wá fi ẹyọ dígí náà há àárín idẹ pẹlẹbẹ méjì tí gígùn wọn kò ju ti ìka ọwọ́ lọ. Ṣóńṣó irin kan wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Orí ṣóńṣó yìí ni ó ń fi ohun tí ó bá fẹ́ wò sí, yóò sì gbé gbogbo rẹ̀ súnmọ́ ẹyinjú rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, yóò kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Maikirosíkópù tí ẹ ń lò ní yàrá sáyẹ́ǹsì ní dígí lókè, ó sì tún ní dígí nísàlẹ̀. Dígí kan ṣoṣo ni tirẹ̀ ní. Síbẹ̀, èyí tí ó dára jù lọ nínú àwọn tí ó ṣẹ́kù lè sọ ohun kékeré di ńlá ní ìlọ́po tí ó ju 250 lọ. Irú awò báyìí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ju 500 lọ kí ó tó kú.

Dókítà kan wà ní Delft tí ń jẹ́ Reinier de Graaf. Ní ọdún 1673 ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí à ń pè ní Royal Society, ó sì sọ fún wọn nípa aláṣọ yìí àti awò rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ní kí ó kọ ohun tí ó bá rí ránṣẹ́. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́, ní èdè ilẹ̀ rẹ̀, nítorí pé òun nìkan ni ó gbọ́. Àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀. Àádọ́ta ọdún ni ó fi kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó kọ nípa oró oyin, ó kọ nípa iná orí, ó kọ nípa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ní ọdún 1674 ó bu omi adágún kan wò, ó sì rí i pé àwọn ẹ̀dá kéékèèké kan ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí.

Ọ̀rọ̀ ata ni ó wá dá ìjà sílẹ̀. Antonie fẹ́ mọ ìdí tí ata fi ń ta ènìyàn lẹ́nu. Ó rò pé bóyá ó ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tí í máa gún ahọ́n. Ó rẹ ata sínú omi, ó fi í sílẹ̀ títí ó fi rọ̀, ó sì wo omi náà. Kò rí ẹ̀gún kankan, ṣùgbọ́n ó rí àwọn ẹ̀dá alààyè tí wọ́n pọ̀ débi pé kò sí ẹni tí ó lè kà wọ́n, tí wọ́n sì kéré ju gbogbo èyí tí ó ti rí tẹ́lẹ̀ lọ. Ó kọ èyí ránṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 1676.

Àwọn ọ̀mọ̀wé Lọ́ńdọ̀nù kò gbà á gbọ́. Bí a bá sì rò ó wò, a kò lè dá wọn lẹ́bi púpọ̀. Aláṣọ tí kò gbọ́ Látìn ni ó ń sọ pé ẹ̀kán omi kan ṣoṣo ní olùgbé tí ó pọ̀ ju ti odindi ìlú lọ. Awò tí ó fi rí i, kò jẹ́ yá ẹnikẹ́ni. Àwọn tí wọ́n gbìyànjú láti wò ó ní Lọ́ńdọ̀nù kò kọ́kọ́ rí nǹkan kan. Orúkọ rere tí ó ti ní láti ọdún 1673 wá fẹ́ di ti òpùrọ́. Kí ni Antonie ṣe? Kò bínú, kò sì dákẹ́. Ó pe ènìyàn mẹ́jọ tí ìlú mọ̀, tí àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run wà lára wọn, ó ní kí wọ́n wá fi ojú ara wọn wo inú awò, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sínú ìwé. Ó fi ìwé ẹ̀rí wọn ránṣẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1677, Robert Hooke, ọ̀kan nínú àwọn tí ọwọ́ wọn mọ́ jù nínú ẹgbẹ́ náà, tún awò tirẹ̀ ṣe, ó tún rẹ ata sínú omi, àwọn ẹ̀dá náà sì fara hàn níwájú gbogbo àwọn tí ó péjọ. Ní ọdún 1680 wọ́n gba aláṣọ náà wọ ẹgbẹ́.

Ọdún kẹta lẹ́yìn èyí ni ó wá wo ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò. Ó wo ẹnu ara rẹ̀.

Ẹ má rò pé elérìí ni. Ní àràárọ̀ ni ó ń fi iyọ̀ fọ eyín rẹ̀, tí ó sì ń fi omi yọ ẹnu. Bí ó bá jẹun tán, a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tayín, a sì fi aṣọ nù ún. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ funfun ju ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ó ṣàkíyèsí pé ohun funfun kan, tí ó ki bí ìyẹ̀fun tí a fi omi pò, ń wà láàárín eyín òun. Ó ha díẹ̀ nínú rẹ̀, ó pò ó mọ́ omi òjò mímọ́, ó sì gbé e sí iwájú awò. Ẹnu yà á. Ohun tí ó dà bí èérí lásán kún fún ẹ̀dá alààyè! Àwọn kan gùn, wọ́n sì ń ta bí ẹja tí ń lépa ohun jíjẹ. Àwọn mìíràn ń pòòyì bí òkòtó tí ọmọdé ta. Àwọn tí wọ́n kéré jù lọ sì ń yí po bí ọ̀wọ́ kantíkantí. Ó ya àwòrán wọn sínú ìwé tí ó kọ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1683. Àwòrán náà ń bẹ di òní, àwọn onímọ̀ sì ń wò ó, wọ́n ń tọ́ka sí oríṣiríṣi bakitéríà tí wọ́n mọ̀ nínú rẹ̀.

Kò dúró lórí ara rẹ̀ nìkan. Ó wo ti àwọn obìnrin méjì àti ti ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan. Lẹ́yìn náà ni ó rí arúgbó kan tí kò fọ eyín rẹ̀ rí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ohun tí ó rí ní ẹnu bàbá yìí kọjá àfẹnusọ: àwọn ẹ̀dá náà pọ̀, ara wọn sì yá ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ, débi pé omi tí ó fi pò ó dà bí ohun tí ó ń rìn fúnra rẹ̀. Ó tún wo ẹnu ọkùnrin kan tí í mu ọtí líle láàárọ̀, tí í sì í mu wáìnì àti tábà lẹ́yìn náà. Ó yà á lẹ́nu pé ọtí kò lé wọn kúrò níbẹ̀. Ó gbìyànjú ọtí kíkan. Nígbà tí ó pò ó mọ́ èérí eyín, wọ́n kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi í yọ ẹnu lásán, àwọn tí wọ́n sá sí inú lọ́hùn-ún èérí náà kò kú. Ìdí nìyí tí omi yíyọ nìkan kò fi tó, àfi kí a fi ohun kan ha eyín.

Ó máa ń gba àlejò. Àwọn obìnrin kan ti wá wo àwọn ekòló wẹ́wẹ́ tí ń gbé inú ọtí kíkan rí nílé rẹ̀, ìríra sì mú wọn débi pé wọ́n búra pé àwọn kò ní fi ọtí kíkan kan ẹnu mọ́. Antonie wá ń rò ó pé kí ni àwọn bẹ́ẹ̀ yóò ṣe bí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn tí ń gbé inú ẹnu ènìyàn kan pọ̀ ju iye ènìyàn tí ń bẹ nínú odindi ìjọba lọ. Ní tirẹ̀, ó ṣírò rẹ̀ pé àwọn tí ń bẹ ní ẹnu òun, tí òun ń fi iyọ̀ fọ̀ lójoojúmọ́, pọ̀ ju gbogbo ènìyàn ilẹ̀ Holland lọ.

Ibẹ̀ ni ó ti sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Ó ní àwọn ènìyàn a máa sọ pé èémí ẹnìkan ń rùn, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnu ni ó ń rùn, kì í ṣe èémí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń pè é ní èémí búburú títí di òní. Àwa Yorùbá kò ṣe àṣìṣe yìí. Ẹnu rírùn ni àwọn baba wa ń pè é láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọmọ kí àgbà láàárọ̀ kí ó tó fọ ẹnu.

Imọ̀ ayé òde òní ti fi hàn pé òtítọ́ ni Antonie sọ. Àwọn bakitéríà kan wà tí wọn kò fẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹ̀yìn ahọ́n, abẹ́ èrìgì àti ihò eyín ni wọ́n ń fara pamọ́ sí. Wọn a máa jẹ èérún oúnjẹ àti awọ ẹnu tí ó ti kú, bí wọ́n sì ti ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń tú èéfín tí ó ní imí ọjọ́ jáde, irú èyí tí ó ń mú ẹyin jíjẹrà rùn. Itọ́ ni ó ń fọ̀ wọ́n lọ lọ́sàn-án. Lóru, bí a bá sùn, itọ́ a dínkù, àwọn náà a sì rí àyè. Ìdí nìyí tí ẹnu ẹni tí ó jí ní òwúrọ̀ fi ń rùn, ìbáà ṣe ọba, ìbáà ṣe ìjòyè. Àwọn mìíràn a máa jẹ ṣúgà, wọn a sì sọ ọ́ di omi kíkan tí ń jẹ eyín. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń ṣe dókítà eyín ní Berlin, Willoughby Miller, ni ó ṣàlàyé èyí kedere nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1890, ó ju 200 ọdún lọ lẹ́yìn ìwé Antonie. Oríṣi bakitéríà tí a ti rí ní ẹnu ènìyàn ju 700 lọ.

Nílẹ̀ wa, a máa ń sọ pé kòkòrò ni ó ń jẹ ẹni tí eyín ń dùn. Ní Yúróòpù náà, wọ́n gbàgbọ́ pé àrán ni ó wà nínú eyín, àwọn oníṣègùn kan sì ń fi èéfín lé e jáde. Ní ọdún 1700 Antonie kọ̀wé nípa irú àrán bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ní ó ti inú eyín jáde. Ó yẹ̀ wọ́n wò, ó sì rí i pé irú ìdin tí ń wà nínú wàràkàṣì ni. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ń ba eyín jẹ́ kéré ju ohun tí oníṣègùn lè fi èéfín lé jáde sórí àwo.

Ìgbà kan wà, ní ọdún 1692, tí ó wá àwọn ẹ̀dá náà títí ní eyín iwájú rẹ̀ tí kò rí wọn. Ó ronú, ó sì rántí pé òun ti bẹ̀rẹ̀ sí mu kọfí gbígbóná ní òwúrọ̀. Nígbà tí ó wo eyín ẹ̀yìn, níbi tí gbígbóná náà kò dé tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń bẹ níbẹ̀ láàyè. Báyìí ni ó ń ṣe gbogbo nǹkan: bí ohun kan bá yí padà, kò ní sinmi títí yóò fi wá ìdí rẹ̀.

Kò dé ilẹ̀ wa, kò sì mọ orin. Ìbá ti dùn tó bí ó bá rí orin àta! Láti nǹkan bí ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ń dán oje orin wò, wọ́n sì ti rí i pé ó ń pa bakitéríà nínú àwo ìdánwò. Orin tí a jẹ dáadáa sì tún ń ha eyín, èyí tí ọtí kíkan Antonie kò lè ṣe.

Kì í ṣe gbogbo àwọn ará inú ẹnu ni ọ̀tá, ohun kan nìyí tí Antonie kò mọ̀. Àwọn mìíràn ń gba ibùjókòó mọ́ àwọn búburú lọ́wọ́. Ní ìlú Dunedin, ní New Zealand, a rí irú kan nínú ẹnu ọmọ ilé-ìwé kan, wọ́n sì sọ ọ́ ní K12. Nínú ìdánwò kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2006, òórùn ẹnu dínkù lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó lò ó lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ ẹnu, ṣùgbọ́n àwọn tí a dán an wò lára wọn kò pọ̀. Nítòsí wa níhìn-ín, àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí ìṣègùn tí ń bẹ ní Yábà, tí kò jìnnà sí Ladi-Lak, tẹ ìròyìn jáde ní ọdún 1994 nípa ògì kan tí wọ́n pè ní DogiK. Bakitéríà tí ń mú ògì kan ni wọ́n ṣà, èyí tí ó lè bá àwọn tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru jà, wọ́n sì fi í sínú ògì. Ti inú ni èyí, kì í ṣe ti ẹnu. Bí a bá sì fi iná se ògì, àwọn bakitéríà náà a kú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí fi ògì rọ́pò orin.

Òkìkí Antonie kàn. Ní ọdún 1698 Peter, ọba Rọ́ṣíà, gba Delft kọjá nínú ọkọ̀ ojú omi, ó ní kí Antonie wá. Antonie fi bí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn nínú ìrù ẹja kan hàn án. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe awò rẹ̀ tí ó dára jù, kò fi han ọba, kò fi han ẹrú. Leibniz, ọ̀mọ̀wé ńlá ọmọ Jámánì, gbà á nímọ̀ràn pé kí ó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, kí ó sì kọ́ wọn. Ó kọ̀; ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá owó àti òkìkí, èyí tí ó ní sùúrù iṣẹ́ náà kò sì tó ọ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún. Èmi kò rò pé ó ṣe dáadáa. Bí àwọn oníṣègùn wa kan ti mú ewé tí wọ́n mọ̀ lọ sí ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ṣe, ó sì ju 100 ọdún lọ kí ojú ẹlòmíràn tó ríran tó bẹ́ẹ̀ lórí àwọn ẹ̀dá inú ẹnu. Ọdún 2021 ni àwọn onímọ̀ Delft tó fi ẹ̀rọ wo inú díẹ̀ nínú àwọn awò náà láìtú wọn. Wọ́n rí i pé èyí tí ó lágbára jù nínú wọn jẹ́ dígí tí a fi iná yọ́ di róbótó, ọ̀nà kan tí Robert Hooke ti tẹ̀ sínú ìwé kí Antonie tó ṣe é.

Ó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1723, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún 91, wọ́n sì sin ín sí ìjọ Oude Kerk ní Delft. Títí tí ikú fi dé ni ó ń kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù. Maria, ọmọ rẹ̀ tí kò lọ́kọ, ni ó tọ́jú rẹ̀ títí dé òpin, òun náà ni ó sì fi àpótí kan ránṣẹ́ sí Royal Society gẹ́gẹ́ bí baba rẹ̀ ti fi sílẹ̀: awò 26 tí a fi fàdákà ṣe, tí a ti to ohun tí a lè wò sí iwájú wọn. Àpótí náà sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn nǹkan bí 100 ọdún. Nínú awò tí ó ju 500 lọ, àwọn tí a mọ ibi tí wọ́n wà lónìí kò ju nǹkan bí mẹ́wàá lọ.